Àga Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Sitúdíò

Inú ń bí Lawrence Adébùsóyè sí gbogbo ayé. Inú ń bí i sí ìjọba tó jẹ́ kí epo bẹntiróòlù wọ́n débi pé àwọn ọlọ́kadà ń pa ẹ́ńjìnnì níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí ọ̀kadà lè máa yí lọ fúnra rẹ̀. Inú ń bí i sí àwọn oníná, tí wọ́n ń mú iná wá nígbà tí kò sí oníbàárà, tí wọ́n sì ń mú un lọ nígbà tí akọrin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu. Inú ń bí i sí àwọn ará Àkúrẹ́ tí wọ́n búra fún un pé ibikíbi tó bá kó lọ làwọn máa tẹ̀ lé e dé, tí ẹsẹ̀ wọn kò sì tẹ Oǹdó. Ẹnì kan ṣoṣo tí inú kò bí i sí ni bàbá rẹ̀, nítorí pé bàbá rẹ̀ ló fún un ní yàrá.

Oǹdó ni wọ́n bí i sí, ní Òdòjọmu. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ márùn-ún. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá rẹ̀, wọ́n sì gbé e káàkiri ìpínlẹ̀ náà títí ó fi fẹ̀yìn tì: Oǹdó, Ìdànrè, Ilé-Olújì, Àkúrẹ́. Bàbá Hẹ́ẹ̀dì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Lawrence kò fẹ́ ṣe tíṣà. Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ló gba ọkàn rẹ̀ láti kékeré. Láti ìdí dùùrù ó bọ́ sídìí kíbọọ̀dù, láti ìdí kíbọọ̀dù ó bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà, nígbà tó sì fi máa di géńdé ọkùnrin, ó ti ní sitúdíò tirẹ̀ ní Ìjọkà, Àkúrẹ́, níbi tí àwọn olórin ti ń dúró de ara wọn lórí báǹṣì níta. Etí rẹ̀ mú. Bí okùn gìtá kan bá dẹ̀ díẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ olórin, á na ìka sí ẹni náà láìgbójú sókè.

Ọdún tí nǹkan le yìí ni onílé Ìjọkà bu owó lé owó ilé, tó tún bù ú lé e. Nígbà tó fẹ́ bù ú lé e lẹ́ẹ̀kẹta, Lawrence di ẹrù. Ìṣirò rẹ̀ dán mọ́rán lójú ara rẹ̀. Yàrá tó wà lápá ọ̀tún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ ṣófo. Bàbá kò ní gba kọ́bọ̀. Láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó kò ju ìrìn wákàtí kan lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ iṣẹ́ tó dáa á wọkọ̀.

Yàrá ọ̀fẹ́ náà jẹ owó. Ariwo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ń gba ojú fèrèsé wọlé, torí náà ó pe bíríkìlà, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí fèrèsé náà pa, wọ́n rẹ́ ẹ mọ́ ògiri. Ó ra fóòmù, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri láti òkè délẹ̀. Ó ra ilẹ̀kùn onípákó tó nípọn. Máìkì tó wù ú jù lọ kò ṣeé rà pẹ̀lú owó tó kù, ni Fọláṣadé ìyàwó rẹ̀, tó ń ta ẹja yìnyín, bá ta fírísà rẹ̀ kun owó náà. Ẹni tó ń ta ẹja yìnyín tó ta fírísà ti ta ìsọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Fọláṣadé mọ̀, ó sì sọ ọ́ ní gbangba.

"Bàbá Ṣeyí, títí di ìkórè ni o. Bí iṣẹ́ bá dé kí ìkórè tó wọlé, ó tán. Bí kò bá dé, a ó ta máìkì, a ó ta kọ̀ǹpútà, màá padà sídìí ẹja mi, ìwọ náà á sì wá iṣẹ́ mìíràn."

"Kí ìkórè tó dé, wàá ra fírísà méjì."

"Ọ̀kan náà tó mi."

Ìgbà ìkórè ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń wá ibi tí wọ́n á ti gba ohùn ẹgbẹ́ akọrin wọn sílẹ̀. Sitúdíò tí iṣẹ́ kò bá wọlé fún nígbà náà kò tún ní ìgbà mìíràn. Ohun tó wà níwájú Lawrence kò ju ìyẹn lọ: kí iṣẹ́ wọlé, àbí kí ó ta ohun èlò rẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń sọ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, kò sì gbàgbé rẹ̀ rí, torí pé ọmọ tí wọ́n tọ́ ni. "Bí ẹ bá dé, ẹ kọ́kọ́ kí Bàbá o. Wọ́n wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ kí wọn dáadáa kẹ́ ẹ tó wọlé."

Bàbá Hẹ́ẹ̀dì sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóòótọ́. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, bó bá ti jẹun òwúrọ̀ tán, ó ti jókòó sórí àga onígi rẹ̀ nìyẹn, fìlà lórí, rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé ìròyìn lórí itan. Ilẹ̀kùn sitúdíò wà lẹ́yìn àga náà gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan èjìká Bàbá.

Ọmọkùnrin kan wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wá. Ó ti gẹ irun rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọ ṣòkòtò tó ya ní orúnkún. Ó dọ̀bálẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe.

"Ẹ káàsán, sà."

"Káàsán, ọmọ mi. Dìde. Ta ni ẹ́?"

"JB Ìjì ni, sà."

"Ìjì? Ṣé orúkọ tí bàbá rẹ sọ ẹ́ lọ́jọ́ ìkómọ nìyẹn?"

"Rárá, sà. Babájídé ni."

"Hẹn-ẹn. Babájídé ọmọ ta ni?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀kùn, ó wo ilẹ̀. "Ọmọ Katikíìsì ni, sà."

"Katikíìsì wo? Katikíìsì tiwa yìí? Ìwọ ni àkọ́bí Agnes!" Bàbá rẹ́rìn-ín, ó dì í lọ́wọ́ mú. "Èmi ni mo kọ́ Agnes ní ìwé kẹrin. Ọmọ dáadáa ni, kò kàn gbọ́ ìṣirò ni. Ìyá rẹ ní ò ń kàwé ìdánwò yunifásítì lójoojúmọ́. Ṣé o ti sinmi díẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Orin wo lo fẹ́ kọ? Kọ ọ́ kí n gbọ́."

"Sà?"

"Orin tó o gbé wá. Kọ ọ́. Ṣé inú òkùnkùn nìkan ni wọ́n ń kọ ọ́ ni?"

Lawrence ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá, ibi tó ti ń so wáyà, inú rẹ̀ sì ń dùn pé Bàbá ń ṣe oníbàárà òun lálejò. Nígbà tí Babájídé wá dé iwájú máìkì, ohùn rẹ̀ kò jáde ju ti ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ lọ. Lawrence ní kó gbóhùn sókè. Ọmọ náà ní ọ̀fun ń dun òun, òun á padà wá. Kò padà wá. Lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá bá Katikíìsì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi inú kan sọ fún un pé, "Mo rí ọmọ rẹ o, ó ń gbìyànjú nínú orin." Lawrence kò gbọ́ ìyẹn. Ohun tó ń rò lọ́kàn ni pé fóòmù ti pọ̀ jù nínú yàrá náà, ó ń gbé ohùn mì. Ló bá ṣí ìdajì rẹ̀ kúrò, ó fà á ya, owó náà ṣòfò.

Òṣìṣẹ́ ọba kan wá láti Àkúrẹ́, ọkùnrin oníkóòtù, ó fẹ́ kọ orin ọjọ́ìbí. Bàbá bi í léèrè ilé, ó bi í léèrè ìdílé, kò sì pẹ́ tó fi rí i pé òun mọ ìyàwó rẹ̀ láti ìgbà tí òun ń kọ́ni ní Àkúrẹ́.

"Ọjọ́ìbí rẹ̀ lò ń kọrin fún? Ó mà ṣe dáadáa! Kọ díẹ̀ kí n gbọ́."

Oníkóòtù fẹ́ kọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó kọ díẹ̀ torí pé kò rí ibi sá sí. Nígbà tó dé ibi orúkọ, Bàbá gbójú kúrò lára ìwé ìròyìn.

"Bísí? Bísí kọ́ ni orúkọ ìyàwó rẹ."

"Ìnagijẹ ni, sà."

"Láti ìgbà wo?"

Ọkùnrin náà ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ lọ ra káàdì fóònù. Kò dé títí di òní. Lawrence gbé ẹ̀bi náà lé ariwo jẹnẹrétọ̀ lórí. Ó ra wáyà gígùn, ó ti jẹnẹrétọ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì kọ́ àtíbàbà búlọ́ọ̀kù lé e lórí.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Ó já owó iṣẹ́ wálẹ̀. Ó tún un já. Ó ṣe pátákó ńlá kan sí ojú pópó, ó ya máìkì sí i, ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i gàdàgbà. Àwọn ènìyàn ń pè, wọ́n ń béèrè iye, wọ́n ń béèrè ibi tó wà. Bó bá ti ní, "Ilé Bàbá Hẹ́ẹ̀dì ní Òdòjọmu," wọ́n á ní àwọn á pè padà. Kò sẹ́ni tó pè padà. Ìkórè ń sún mọ́lé. Fọláṣadé ti ń béèrè iye tí wọ́n ń ta fírísà àlòkù.

Ọjọ́ kan, Lawrence wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó ń bọ̀ láti ọjà, ni orin kan bá bẹ̀rẹ̀ nínú rédíò awakọ̀. Obìnrin ló ń kọ ọ́, ohùn tó mọ́ bí omi òjò. Ó mọ ohùn náà. Hameedat ni, ọmọ Alhaji Ràhímù aláṣọ, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ ní Àkúrẹ́. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin yìí gbé ara rẹ̀ wá sí Oǹdó láti gba orin kan sílẹ̀. Lawrence lọ bu epo sí jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé, nígbà tó fi máa padà dé, ó ti lọ. Kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Orin yẹn gan-an ló wá ń lọ nínú rédíò yìí.

Bó ṣe ń tẹ́tí, àkùkọ kan kọ láàárín orin náà.

"Ẹ gbọ́ nǹkan!" Lawrence fò sókè débi pé orí rẹ̀ kan irin kẹ̀kẹ́. "Àkùkọ! Àkùkọ ń kọ nínú orin!"

Awakọ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi rò pé wọ́n fi sí i ni. Ó dùn."

Ibì kan ṣoṣo ni àkùkọ ti lè wọnú orin ní gbogbo Àkúrẹ́: ọ̀dọ̀ Bọ́láwálé ní Arákàlẹ̀, yàrá kan tó gbà lẹ́yìn ilé àwọn tó ń sin adìyẹ. Bọ́láwálé, tí òun Lawrence kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń so wáyà máìkì! Kò ní fóòmù, kò ní ilẹ̀kùn tó dáa, páànù rẹ̀ ń jò. Hameedat fi máìkì tí wọ́n ta fírísà rà sílẹ̀, ó lọ bá àkùkọ kọrin.

Lọ́jọ́ kejì ó wọkọ̀ Àkúrẹ́. Owó ọkọ̀ náà tó owó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, ó sì san án tìbínútìbínú. Láti Oǹdó dé Ọ̀wẹ̀nà ló ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Nígbà tó dé ọjà, ó rí Hameedat níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ó ń ká aṣọ. Ọmọbìnrin náà rí i, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ju aṣọ sílẹ̀, ó fa Lawrence lápá aṣọ wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí àwọn alábàárù ń kó kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn sí.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ tún wá ṣe? Alhaji wà nínú ṣọ́ọ̀bù o!"

"Kí wọ́n wà níbẹ̀! Èmi ni wọ́n máa bá wí ni? Hameedat, kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́? O gbé orin dé ilé mi, o sì gbé e lọ fún Bọ́láwálé. Àkùkọ kọ nínú ẹ̀! Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"O gbọ́ ọ, o sì jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí rédíò?"

"Ẹ̀gbọ́n Lawrence, kí àgbò ké nínú ẹ̀, kí màlúù ké nínú ẹ̀, ó yá mi lára ju ilé yín lọ!" Ó bojú wẹ̀yìn wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Ṣé sitúdíò nìyẹn? Kóòtù ni! Kí ènìyàn tó rí máìkì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́jọ́!"

"Ẹjọ́ wo?"

"Ẹ ò mọ̀?" Ó wò ó lójú. "Ẹ ò mọ̀ lóòótọ́? Bàbá yín bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, ṣé mo lè parọ́ fún àgbàlagbà lórí ìkúnlẹ̀ ni? Mo ní ọmọ Alhaji Ràhímù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé àṣé ọmọ Ràhímù ni, Ràhímù tó ń kó aṣọ yunifọ́ọ̀mù fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn. Wọ́n fa fóònù yọ. Wọ́n pe Alhaji! Wọ́n ní, 'Ràhímù, ọmọ rẹ wà lọ́dọ̀ mi níbí o, ara rẹ̀ le, ó wá kọrin.' Wọ́n sì na fóònù sí mi pé kí n kí bàbá mi."

Lawrence jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù kan.

"Mo ti sọ fún Alhaji tẹ́lẹ̀ pé ìkómọ ọ̀rẹ́ mi ni mo ń lọ. Mo dúró síbẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn wọn nínú fóònù, bàbá yín sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Oṣù kan gbáko ni n kò fi kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Ìyá mi ló bẹ̀bẹ̀ títí. Orin tí ẹ gbọ́ yẹn, orúkọ mi ò sí níbẹ̀, Alhaji ò tíì mọ̀ pé èmi ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Kí n pè yín pé ẹ kìlọ̀ fún bàbá yín? Ta ló bí mi tí màá gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wá? Ẹ̀yin gan-an lẹ ní ká kí wọn! 'Ẹ kí wọn dáadáa,' ohun tí ẹ sọ lórí fóònù nìyẹn. Gbogbo wa la mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Katikíìsì, wọ́n gba fóònù ẹ̀ títí ó fi ṣe ìdánwò. Ẹni tó bá ní òun ń lọ sí Oǹdó, a máa ń bi í pé, 'Ṣé o ti mú orúkọ bàbá ẹ dání?' Àwàdà wa nìyẹn."

Ẹnìkan pe Hameedat láti inú ṣọ́ọ̀bù. Ó fi gèlè nu ojú, ó sì kọjá lọ láìdágbére.

Nínú ọkọ̀ tó ń padà lọ sí Oǹdó, Lawrence kò rí ohun tó ń kọjá lójú fèrèsé. Fóòmù tó fà ya. Àtíbàbà jẹnẹrétọ̀. Pátákó. Gbogbo owó tó kó sínú ilẹ̀, ó kó o sí i nítorí àga kan tí wọn ì bá kàn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kò sì ní ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láti sún. Kò tíì sí ọjọ́ tí inú bí i tó bẹ́ẹ̀ rí.

Fọláṣadé ń bó ẹ̀gẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tó dé. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Fọláṣadé kò gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní.

"O mọ̀ kí ni?"

"Mo mọ̀ pé Bàbá ló ń lé wọn."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí oníkóòtù sá lọ."

"O mọ̀, o sì ń wò mí tí mo ń ra wáyà?"

"Bàbá Ṣeyí, má pariwo mọ́ mi." Wàyí o, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Èmi ìyàwó ilé, èmi ni kí n wá bá ọ pé bàbá rẹ ń ba iṣẹ́ rẹ jẹ́? Nínú ilé bàbá rẹ? Kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ wá gbọ́? Wọ́n á ní mo fẹ́ lé àgbàlagbà kúrò lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni ọ́, etí sì ni o fi ń jẹun. Kí ló dé tí o ò gbọ́ ọ?"

Lawrence yíjú sí ògiri yàrá sitúdíò, níbi tí wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù dí fèrèsé. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wà níbẹ̀, ọ̀nà tóóró tó jáde sí títì kejì. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé kò ní rí Bàbá, Bàbá kò sì ní rí i. Ó pe bíríkìlà tó dí fèrèsé náà lórí fóònù, ó ní kó wá ṣí i, kó sì là á délẹ̀ kó di ẹnu ọ̀nà.

Bíríkìlà dé, ó wo ògiri, ó fi ọwọ́ kan án. "Iṣẹ́ kékeré ni. Ṣé Bàbá mọ̀ sí i?"

"Èmi ni mo pè ọ́."

"Mo gbọ́. Ṣé Bàbá mọ̀ sí i?"

"Kí ni tìrẹ níbẹ̀? Èmi ni màá sanwó."

"Ẹ̀gbọ́n, ká dí fèrèsé, ìyẹn jẹ́ àtúnṣe. Ká wá fọ́ ògiri ilé onílé, tí onílé sì wà láàyè lórí àga níwájú ilé?" Ó mi orí. "Bàbá Hẹ́ẹ̀dì ló kọ́ mi ní á-bí-dí. Ẹ lọ bá wọn sọ ọ́, kí wọ́n pè mí. Màá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́." Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ni Lawrence bá wọ ilé, ó mú òòlù ńlá tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta. Kò tíì lu ògiri rí láyé rẹ̀. Lílù àkọ́kọ́ ta padà sí i lápá, ó dùn ún dé èjìká. Ìkejì la ibi tí wọ́n rẹ́. Ní ìgbà tí búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ wó sínú yàrá, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Àwọn ọmọdé kóra jọ. Fọláṣadé gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kúrò níbi tí eruku ń lọ, kò sì dá a dúró.

Bàbá Hẹ́ẹ̀dì yí ilé po dé ẹ̀yìnkùlé, ìwé ìròyìn wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀.

"Lawrence! Kí lò ń fọ́ nílé mi?"

"Ẹnu ọ̀nà ni mò ń ṣí, Bàbá."

"Ẹnu ọ̀nà ò sí níwájú ni?"

"Ẹ̀yin lẹ wà níwájú!"

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Lawrence kò gbé òòlù sílẹ̀, ìbínú oṣù mẹ́wàá sì tú jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń wá yìí, oníbàárà ni wọ́n. Wọn ò wá kí ìdílé. Ẹ bi wọ́n léèrè bàbá, ẹ bi wọ́n léèrè ìyá, ẹ ní kí wọ́n kọrin fún yín. Ẹ pe bàbá ọmọ ọlọ́mọ lórí fóònù! Ẹja Fọláṣadé ti lọ sí i. Kò sí ẹni tó tún ń wá mọ́, gbogbo Àkúrẹ́ ló ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́!"

"Mò ń ṣọ́ ilé fún ọ ni," Bàbá ní, ohùn rẹ̀ kò tíì ga. "Bí wọ́n bá wá jí kọ̀ǹpútà rẹ gbé ńkọ́?"

"Olè wo, Bàbá? Olè gan-an ò lè gba iwájú yín kọjá!"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọgbà. Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Ojú Bàbá yí padà, ó sì na ara rẹ̀ ró bí ìgbà tó wà níwájú kíláàsì.

"Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà, mo bi ọmọ ènìyàn léèrè ilé tó ti jáde wá. Ìwọ, ilé mi lo ti jáde wá, tí wọ́n sì ń fún ọ níṣẹ́ nítorí rẹ̀. Ọmọ tí kò bá lè dárúkọ bàbá rẹ̀, tí ó ń sá fún bàbá rẹ̀, kí ló fẹ́ wá fi pamọ́ sínú yàrá mi? O ní kí n dákẹ́? Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi?"

"Mi ò ní kẹ́ ẹ dákẹ́, Bàbá. Mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá ni."

"Wọn ò ní kọjá." Ó ká ìwé ìròyìn sí méjì, ó nà án sí ihò ògiri náà. "Bí o bá lù ú tán, kó ẹrù rẹ gba ibẹ̀ jáde. Kò sí ẹni tó máa gba ẹ̀yìn wọ ilé mi bí olè."

Ó yí padà, ó lọ jókòó. Láìpẹ́ wọ́n gbọ́ rédíò rẹ̀.

Lawrence dúró pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Ó lè gbé e sílẹ̀. Ó lè lọ dọ̀bálẹ̀, kó bẹ̀bẹ̀, kí wọ́n da búlọ́ọ̀kù padà, Bàbá á sì dárí jì í kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀. Wọ́n á wá ta máìkì lẹ́yìn ìkórè. Ó wo Fọláṣadé. Fọláṣadé ń wo ihò náà.

"Ó kù díẹ̀ kó tó ẹnu ọ̀nà," ó ní.

Lawrence gbé òòlù sókè. Ó lù ú títí ó fi délẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ inú yàrá, ó tú wáyà, ó di máìkì sínú aṣọ, ó gbé kọ̀ǹpútà, ó gbé sípíkà, ó gbé kíbọọ̀dù. Gbogbo sitúdíò náà gba ẹnu ọ̀nà tuntun jáde sí títì kejì, níbi tí awakọ̀ Márúwá kan ti ń dúró. Kò sí oníbàárà kan ṣoṣo tó gba ibẹ̀ wọlé rí.

Arákàlẹ̀ ló kó o lọ. Kò sí ibòmíràn tí owó rẹ̀ ká. Bọ́láwálé yọ sí i lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ́ adìyẹ wà lára ẹ̀wù rẹ̀.

"Ọ̀gá mi! Ẹ ti wá gbọ́ àkùkọ lójúkojú?"

"Má mú mi sọ̀rọ̀. A ó máa lo máìkì mi, a ó máa pín owó. Ṣùgbọ́n àkùkọ yẹn máa kúrò lẹ́yìn fèrèsé."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi àkùkọ sílẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bàbá rí."

Lawrence kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó so fóòmù tó kù mọ́ fèrèsé, ó fi páànù dí ibi tó ń jò. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, báǹṣì ti wà níta, ènìyàn sì wà lórí báǹṣì. Ẹgbẹ́ akọrin méjì ti wá gba ohùn fún ìkórè. Babájídé wá láti Oǹdó, ó pe ara rẹ̀ ní JB Ìjì, Lawrence sì pè é ní JB Ìjì. Fọláṣadé àti Ṣeyí ọmọ wọn ṣì wà ní Oǹdó, kò sì tíì rí fírísà rà, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ìkórè mọ́. Òun ló sọ fún un lórí fóònù pé Bàbá ti ní kí wọ́n fi ilẹ̀kùn sí ihò náà, ó ní ihò kò yẹ ilé ọmọlúàbí, àti pé nígbà mìíràn ó máa ń gbé àga rẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án láti gba atẹ́gùn. Lawrence bi í pé ṣé ẹnikẹ́ni ń gba ibẹ̀ kọjá. Fọláṣadé ní ewúrẹ́ nìkan ni.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ìkórè dé, Hameedat wà níwájú máìkì, gèlè bò ó lójú díẹ̀. Ó ń gba orin rẹ̀ sílẹ̀ lákọ̀tun, láìsí àkùkọ. Fóònù Lawrence gbọ̀n lórí tábìlì. Bàbá ni. Kò tíì pè é láti ọjọ́ òòlù. Lawrence jáde síta láàárín àwọn adìyẹ, ó gbé e.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Káàsán. Ṣé ara le?"

"A dúpẹ́, Bàbá."

"Fọláṣadé ní ènìyàn ń wá bá ọ níbẹ̀."

"Wọ́n ń wá, Bàbá."

"Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Lawrence ń gbọ́ rédíò rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń gbọ́ ewúrẹ́ kan. Fún ìṣẹ́jú kan ó rò pé ọ̀rọ̀ mìíràn ń bọ̀, ọ̀rọ̀ tó máa mú kí òun lè lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ ìkórè. "Mo ń gbọ́ ohùn obìnrin níbẹ̀. Ohùn dáadáa ni. Ta ni yẹn? Ọmọ ta ni?"

Ìbínú náà padà dé, ó gbóná bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Oníbàárà ni, Bàbá," Lawrence ní. Ó sì ṣe ohun tí kò tíì ṣe sí bàbá rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó pa fóònù, ó padà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.